Nọ́ńbà àgbà tàbí nọ́ńbà ìwé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àtúnkì kátíríìjì

Akẹ́kọ̀ọ́Àtúnkì:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìsọ̀rọ̀, àmọ́ èyí tó dé bá mi yìí ti ju agbára mi lọ.

Mo ní ìwé àṣẹ, ìbọn méjì ló sì wà lọ́wọ́ mi: rìfọ́fà .38 Special tí mo fi ń ta àmì, àti ráífù .308 tí mo fi ń ṣọdẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún kátíríìjì kì fúnra mi ni, ìyẹn ni pé mò ń fi práímà (èyí tó ń tan iná sí ẹ̀tù), ẹ̀tù àti orí ọta tuntun sínú ìkarahun tí wọ́n ti yìn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ mi, èyí tó ń ṣiṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ni. Mo ní òṣùwọ̀n, mo ní dáì (irin tó ń tún ìkarahun ṣe bọ̀ sípò) ìbọn méjèèjì, mo sì ra ìwé ìtọ́nisọ́nà tuntun tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe orí ọta mi tẹ̀ jáde. Irinṣẹ́ ò yọ mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ló fẹ́ dà mí lórí rú.

Àgbàlagbà kan wà níbi tí a ti máa ń yìnbọn, gbogbo wa la bọ̀wọ̀ fún un. Ó kọ nọ́ńbà ẹ̀tù .308, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀tù tí èèyàn ń dà sínú kátíríìjì kan, fún mi sórí bébà. Nígbà tí mo ṣí ìwé mi, nọ́ńbà yẹn kọjá ibi tí ìwé ní kí n dúró sí. Mo rọra sọ fún un. Ó ní òun ti ń lò ó kí wọ́n tó bí mi, ìbọn òun ò sì fọ́ rí.

Ẹlòmíràn tún wà. Ìwé mi sọ̀rọ̀ ẹ̀tù kan tó ń jẹ́ IMR 4895, H4895 ni mo rí rà. Ẹni náà ní kí n máa lò ó lọ, pé ọ̀kan náà ni.

Ọ̀rẹ́ mi wá tún ra irinṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn mi, ló bá ń pè mí ní ọ̀gá. Ó ní kí n fi nọ́ńbà tí mo ń lò ránṣẹ́ sóun, kóun má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa náwó ìwé. Tí mi ò bá fún un, á ní mo ṣahun.

Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Kí ni èmi tí mi ò tíì mọ nǹkan yìí dáadáa sì lè sọ fún ẹni tó bi mí?

ỌdẹÒwúrọ̀:

Kú iṣẹ́, àbúrò. O ní o ti ní ìwé àṣẹ ìbọn, ìyẹn dára. Ṣé o ti wádìí bóyá ó kan àtúnkì náà? Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí ìwé àṣẹ ìbọn ò fún èèyàn láyè láti tọ́jú ẹ̀tù àti práímà sílé, àwọn mìíràn sì wà tí wọn ò gbà á rárá. Bí o bá ti ṣe ìyẹn, kí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ máa bá ọ sọ ìyókù.

ÌyáOlóṣùwọ̀n:

Má fi nọ́ńbà orí bébà yẹn kì nǹkan kan. Tọ́jú bébà náà o, kí o má sì ya á níṣojú bàbá. Ẹ̀tù ni kí o má tíì dà.

Nọ́ńbà tó ṣiṣẹ́ nínú ìbọn bàbá, ìbọn bàbá ló bá mu. Ọ̀pá ìbọn tirẹ̀ lè gbòòrò díẹ̀ ju tìrẹ lọ. Ìkarahun tó ń lò lè tinrin ju tìrẹ, kí àyè inú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Orí ọta lè wúwo bákan náà kí wọ́n má gùn bákan náà, tàbí kó jẹ́ bàbà ni ọ̀kan látòkè délẹ̀ nígbà tí òjé wà nínú èkejì. Bó ṣe ti orí ọta wọ inú ìkarahun jìn tó náà ń yí ipá gáàsì tí ẹ̀tù ń mú jáde padà. Àní agolo ẹ̀tù tuntun tí orúkọ rẹ̀ ò yí padà lè má jó bákan náà pẹ̀lú èyí tó tán. Ta ló kọ gbogbo ìyẹn sórí bébà? Oògùn tí dókítà kọ fún aládùúgbò ni, kódà bí àrùn yín bá jọra.

Nọ́ńbà méjì ni ìwé fún ọ, ọ̀kan ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan òpin. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kì, díẹ̀ péré, kí o lọ yìn ín, kí o wo ohun tó ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí o tó rọra gòkè. Kò sí ẹni tó fipá mú ọ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ìbọn ló máa ń kó ihò jọ sójú kan lórí àmì jù kó tó débẹ̀.

Ògbólógbòó45:

Ẹ má fi ìbẹ̀rù pa ọmọ yìí. Agbẹjọ́rò ló ń kọ ìwé ayé ìsinsìnyí. Ìwé àtijọ́ kan wà nílé mi, ẹ̀tù kan náà, orí ọta kan náà, nọ́ńbà inú rẹ̀ ga ju ti òde òní lọ. Ṣé ìbọn ìgbà yẹn le ju tìsinsìnyí ni? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi, práímà ni mò ń wò. Tí kò bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí bóòtì (irin tó ń ti ẹ̀yìn ọ̀pá ráífù) sì ṣí láìlekoko, mo mọ̀ pé ara ìbọn dá.

ÌyáOlóṣùwọ̀n:

Ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín. Mi ò ní jiyàn nípa àkísà, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àkísà ò lè wọn ipá gáàsì ni tèmi.

Láyé ìwé yín yẹn, bàbà kékeré kan ni wọ́n ń fi sára ìbọn àyẹ̀wò. Gáàsì á tẹ̀ ẹ́ kúrú, wọ́n á wo bó ṣe kúrú tó, wọ́n á fi ṣírò. Irinṣẹ́ iná mànàmáná tí wọ́n ń lò báyìí ń tẹ̀ lé ipá náà láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè títí tó fi rọlẹ̀, ó sì ń rí ṣóńṣó tí bàbà ò rí. Òmíràn, ẹ̀tù gan-an ti yí padà lábẹ́ orúkọ kan náà. Mi ò sọ pé agbẹjọ́rò ò sí ní ilé iṣẹ́ wọn o, àmọ́ àwọn tó ń yìnbọn inú yàrá àyẹ̀wò ló ń rí nọ́ńbà yẹn.

Ní ti práímà, ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ̀rọ̀. SAAMI, àwọn tó ń gbé ìlànà kátíríìjì kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1926, fi òpin .38 Special sí 17,000 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n ipá gáàsì. Ti .357 Magnum, kátíríìjì tó lágbára jù ú lọ, jẹ́ 35,000. Práímà ìbọn ìléwọ́ kékeré ló ń wọ inú méjèèjì. Kí ti .38 tó tẹ́ dé ibi tí ojú á fi rí i, ipá ti lè kọjá òpin tipẹ́, kí ìbọn náà sì ti máa jẹ ìyà láìké. Ní ti .308 tí òpin rẹ̀ jẹ́ 62,000, práímà tó tẹ́ lè sọ pé ẹ ti kọjá àlà lóòótọ́. Èyí tí kò tẹ́ ò sọ pé ẹ ò tíì kọjá. Ẹ̀rí ẹ̀gbẹ́ kan ni.

Ògbólógbòó45:

Mo gbọ́. Mi ò tíì gbà tán, àmọ́ ti .38 yẹn, òótọ́ ni.

Alágbẹ̀dẹIdẹ:

Kò sẹ́ni tó tíì dá ọmọ yìí lóhùn lórí 4895, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Kì í ṣe ọ̀kan náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Bruce Hodgdon ra ẹ̀tù 4895 tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ológun Amẹ́ríkà, ó ń tà á fún àwọn tó ń tún kátíríìjì kì. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti di ohun tí ilé iṣẹ́ méjì ń jẹ́ pọ̀. H ti iwájú, ti Hodgdon ni. IMR, ẹ̀tù ráífù ológun tí wọ́n tún ṣe kó dára sí i ni, láti ìdílé mìíràn. Wọ́n sún mọ́ra, ìyẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Lọ wo 4831, ẹ̀tù mìíràn tí àwọn méjèèjì ní: ti IMR ń jó kíákíá ju ti H lọ. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà òpin ti H wọn ti IMR ti wọ wàhálà.

Lọ wá ojú ewé tó kọ H4895 gan-an pẹ̀lú ìwọ̀n orí ọta rẹ. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀tù náà ń kó nọ́ńbà rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ̀tù wà nínú agolo rẹ̀, kí agolo kan ṣoṣo sì wà lórí tábìlì lásìkò kan.

ỌdẹÒwúrọ̀:

Ẹni tó sọ pé ọ̀kan náà ni, kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Ohun tí wọ́n sọ fún un lòun náà ń sọ.

Ọmọbìnrin_Atamátàsé:

Jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ, torí ó dà bíi pé ibẹ̀ lara ti ń ta ọ́ jù.

Má fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Ya fọ́tò èèpo ìwé rẹ, fi ìyẹn ránṣẹ́, kó mọ èyí tó máa rà. Lẹ́yìn náà, pè é wá jókòó tì ọ́ níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́. Kó rí bí o ṣe ń fi ìwọ̀n àyẹ̀wò dán òṣùwọ̀n wò kí o tó bẹ̀rẹ̀, bí o ṣe ń pa fáànù nítorí pé afẹ́fẹ́ ń ti àwo òṣùwọ̀n, bí o ṣe ń fọwọ́ kan práímà kí o mọ̀ pé ó wọlé dáadáa. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè fi ohun tó ń ṣe han ẹlòmíràn láìpe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Ohun tí o ṣe, tó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ, o lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Tó bá bi ọ́ ní ohun tí o ò tíì ṣe rí, sọ pé o ò tíì ṣe é. Òun ló máa di ìbọn yẹn mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, kì í ṣe ìwọ.

Tó bá ní o ṣahun, jẹ́ kó sọ ọ́. Ìbínú rẹ̀ á rọlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Àtúnkì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ti H4895 ti yé mi, mo ti rí ojú ewé rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù lórí .38. Ẹ̀tù tí ìwé ní kí n lò kéré débi pé tí mo bá dà á sínú ìkarahun, díẹ̀ báyìí ni mò ń rí nísàlẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tí mo bá dà á lẹ́ẹ̀mejì? Ẹnì kan ní kí n máa ka nọ́ńbà sókè.

Bàbá yẹn sì ńkọ́? A máa pàdé lọ́sẹ̀ yìí.

Alágbẹ̀dẹIdẹ:

Kíkà sókè dára títí ẹnì kan á fi pè ọ́ lórí fóònù.

Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kì sínú .38 Special nígbà tó jáde ní 1898, ìyẹn ló fi ní àyè tó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù òde òní tó ń jó kíákíá ò nílò ìlàjì àyè yẹn, nítorí náà ìlọ́po méjì lè wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́ láìkún. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń to ìkarahun sínú pátákó oníhò. Àwọn tí kò tíì ní ẹ̀tù, mo dojú wọn délẹ̀. Èyí tí mo bá da ẹ̀tù sí nìkan ló ń kọjú sókè. Tí gbogbo wọn bá tán, mo á tan tọ́ọ̀ṣì, mo á wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè. Èyí tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí tó relẹ̀, mo dà á padà sórí òṣùwọ̀n. Kò sí orí ọta tó ń wọlé kí n tó wò ó tán.

Èyí tó ṣófo náà burú o. Práímà nìkan lè ti orí ọta wọ inú ọ̀pá, kó há síbẹ̀. Tí ìbọn bá dún pẹ́, tí kò dún bó ṣe yẹ, dúró. Kọjú rẹ̀ síbi tó yẹ, dúró díẹ̀, tú gbogbo ọta inú rẹ̀ kúrò, kí o tó wo ọ̀pá. Ọta kejì lẹ́yìn èyí tó há ló ń fọ́ ọ̀pá.

Ìwé á máa fi ẹ̀tù oríṣiríṣi hàn ọ́ fún orí ọta kan náà. Wá èyí tó ń gba àyè, tó jẹ́ pé bí o bá dà á lẹ́ẹ̀mejì á kún jáde sórí tábìlì. Kí fóònù wà ní yàrá kejì.

ÌyáOlóṣùwọ̀n:

Ní ti bàbá, ìbéèrè ni kí o bá lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, inú ìwé wo lẹ ti rí nọ́ńbà yìí, orí ọta wo lẹ sì ń lò?" Kò sí àrífín níbẹ̀. Tó bá dárúkọ ìwé, wá a kà. Tó bá ní orí lòun fi mọ̀ ọ́n, dúpẹ́, kí o yí ọ̀rọ̀ padà sí ohun tí bàbá mọ̀ tí ìwé ò lè fi kọ́ ọ.

Ìyẹn sì pọ̀. Ní kó mú ìkarahun tó ti yìn lọ́pọ̀ ìgbà wá, kó fi ibi tí wọ́n ti fẹ́ já hàn ọ́: ìlà tó ń dán yípo lókè ìdí rẹ̀. Ní kó fún ọ ní wáyà tí orí rẹ̀ ká, kí o fi họ inú rẹ̀ wò kí o mọ bí kòtò ṣe rí lábẹ́ ìka. Mo ti ka èyí nínú ìwé bíi mélòó kan, kò yé mi títí àgbà kan fi di ọwọ́ mi mú. Ní kó kọ́ ọ bí òróró ṣe ń pọ̀ jù lára ìkarahun, àti bó ṣe ń há sínú dáì tó bá kéré jù. Ọwọ́ bàbá ni kí o gbà.

Ògbólógbòó45:

Èyí tí obìnrin yìí sọ, mo fọwọ́ sí i. Bá a jókòó. Bó bá jẹ́ èmi ni, inú mi á dùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ju pé kí ọmọ kan gba nọ́ńbà kó sá lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́Àtúnkì:

Mo ti pàdé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí mo béèrè ìwé, wọ́n ní àwọn á wá a. Wọ́n sì fún mi ní ike kan tó kún fún ìkarahun .308 tí wọ́n ti yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmì róbótó tó ní àgbélébùú nínú wà ní ìdí wọn. Ṣé mo lè lò wọ́n?

Alágbẹ̀dẹIdẹ:

Àmì NATO nìyẹn, 7.62 ológun ni. O lè lò wọ́n, àmọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, má dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti ọjà. Wo inú wọn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí o tó ti abẹ́rẹ́ dáì, èyí tó ń ti práímà àtijọ́ jáde, wọlé. Tí ihò àárín bá jẹ́ ọ̀kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Boxer ni, máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ méjì kékeré, irú Berdan ni, abẹ́rẹ́ rẹ á ṣẹ́. Wọ́n sábà máa ń tẹ etí ihò práímà mọ́ra, o gbọ́dọ̀ gé etí yẹn kúrò kí práímà tuntun tó lè wọlé. Ara wọn tún máa ń nípọn, àyè inú wọn kéré, nítorí náà nọ́ńbà tó o ti rí fún ìkarahun ọjà ò jẹ́ tiwọn. Padà sí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀.