of_node_put nínú lúùpù: ibo gan-an ló yẹ kó wà?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń yẹ patch (àtúnṣe kóòdù) kan wò fún dráífà inú kánẹ́lì Linux. Probe rẹ̀ (iṣẹ́ tó ń múra ẹ̀rọ sílẹ̀) ń fi lúùpù for_each_child_of_node wo àwọn nóòdù ọmọ nínú device tree (àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ) lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kùnà, ó máa return lójú ẹsẹ̀. Patch náà fi of_node_put(child), tó ń tú nóòdù sílẹ̀, sí ìsàlẹ̀ lúùpù, dmesg (àkọsílẹ̀ ìròyìn kánẹ́lì) wá ń pariwo "bad of_node_put()". Bí a bá sì yọ ọ́, refcount (iye ìdìmú tó wà lórí) nóòdù tó kùnà kì í sọ̀kalẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Èsì 1
Lúùpù yẹn ń tú nóòdù sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní yíyí kọ̀ọ̀kan, ó ń di èyí tó kàn mú, ó sì ń tú èyí tó ṣáájú sílẹ̀. Bó bá parí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí gbèsè nílẹ̀. Continue náà kò ní wàhálà. Àmọ́ bí ẹ bá fi break, return tàbí goto jáde láàárín, nóòdù tó wà lọ́wọ́ ṣì wà ní dídìmú. Ibẹ̀ nìkan ni put yẹ sí:

```
for_each_child_of_node(np, child) {
    ret = setup(child);
    if (ret) {
        of_node_put(child);
        return ret;
    }
}
```

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú child sínú struct, ẹ kọ́kọ́ pe of_node_get(child) láti dì í mú, kí remove (iṣẹ́ tó ń yọ dráífà kúrò) sì tú u sílẹ̀.

Èsì 2
Kánẹ́lì tuntun ní for_each_child_of_node_scoped, tó ń ṣe put fúnra rẹ̀ ibi yòówù kí ẹ gbà jáde. Bí ẹ bá lò ó, ẹ yọ of_node_put àtijọ́ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó dín refcount lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo .config (fáìlì ìṣètò kánẹ́lì) pẹ̀lú. Láìsí àṣàyàn CONFIG_OF_DYNAMIC nínú rẹ̀, of_node_get àti of_node_put kì í ṣe ohunkóhun, ìdánwò á sì yege tòun ti àṣìṣe nínú. Èyí tó léwu jù lójú mi ni of_find_node_by_name, tó ń fi orúkọ wá nóòdù: ó ń tú nóòdù "from" (ibi tí ìwákiri ti bẹ̀rẹ̀) tí ẹ fún un sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣì nílò rẹ̀, ẹ dì í mú ṣáájú.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an. Probe kan náà pe device_register, tó ń forúkọ ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kánẹ́lì. Bó bá kùnà, kfree (títú mẹ́mórì sílẹ̀) ló ń ṣe. Ṣé kò burú?

Èsì 3
Ó burú. Bó tilẹ̀ kùnà, refcount ẹ̀rọ náà ti wà lórí 1, orúkọ tí dev_set_name gba àyè fún sì wà nínú mẹ́mórì. put_device, tó ń dín refcount ẹ̀rọ kù, ni kí ẹ pè. Òun ló máa pe release (iṣẹ́ ìparí ẹ̀rọ náà), release ló máa ṣe kfree. Ẹ má fi kfree mìíràn tẹ̀lé e o, double free (títú mẹ́mórì kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì) nìyẹn. Bákan náà ni pm_runtime_get_sync, tó ń jí ẹ̀rọ lójú oorun: ó ń fi 1 kún usage count (iye àwọn tó ń lo ẹ̀rọ) bó tilẹ̀ kùnà. Ẹ fi pm_runtime_resume_and_get rọ́pò rẹ̀, òun ń dá 1 yẹn padà fúnra rẹ̀ bó bá kùnà. Kí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan jẹ́ patch tirẹ̀, pẹ̀lú Fixes: tirẹ̀ (ìlà tó ń tọ́ka sí ìyípadà tó mú àṣìṣe náà wá).