"Àpèjúwe irinṣẹ́" ni àbí "ìjúwe ìlò"?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "tool description" ní "àpèjúwe irinṣẹ́". Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, tí a kọ fún ètò ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) láti sọ ohun tí irinṣẹ́ kan wà fún, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà kékeré tó lè pè láti bá a ṣe iṣẹ́ kan. N kò bá "irinṣẹ́" jà rárá. "Àpèjúwe" ni mo ń ṣe iyèméjì sí, nítorí ó lè ṣi ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ lọ́nà kí ó tó kọ ìlà àkọ́kọ́.

Aṣojú tó ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣiṣẹ́ ("AI agent" lédè Gẹ̀ẹ́sì) kì í sábà rí inú ètò tí wọ́n fi kọ irinṣẹ́. Ohun tó ń kà ni orúkọ irinṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀, àti àwọn àlàfo tó gbọ́dọ̀ dí kí irinṣẹ́ náà tó lè ṣiṣẹ́. Láti inú ìwọ̀nyí ni yóò ti pinnu bóyá irinṣẹ́ yìí ló yẹ kí òun lò, tàbí òmíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kí òun má lo ìkankan. Bí OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, ṣe gbé e kalẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú Model Context Protocol, ìlànà tí a fi ń so irinṣẹ́ mọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí ilé iṣẹ́ Anthropic gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024.

Nílé ìwé, "àròkọ aṣàpèjúwe" ni èyí tí a fi ń ya àwòrán nǹkan sọ́kàn ẹni tó ń kà á: bó ṣe ga tó, àwọ̀ rẹ̀, ìrísí rẹ̀. Ẹni tí a bá ní kí ó kọ àpèjúwe irinṣẹ́ yóò kọ "Irinṣẹ́ yìí ń wá àkọsílẹ̀", yóò sì gbà pé òun ti ṣe é tán. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ta ni? Ṣé orúkọ ni a ó fi wá a ni àbí nọ́ńbà? Bí kò bá sì rí nǹkan kan ńkọ́?

A lè dá mi lóhùn pé "júwe" ṣáà ló wà nínú àpèjúwe, a sì máa ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ dúró sí. Ẹni tó ń júwe ọ̀nà kì í ròyìn ẹwà ilé. Ibi tí àlejò yóò ti yà ló ń sọ, àti ibi tó jọ ọ́ tí kò gbọdọ̀ yà sí. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ìjúwe ìlò".

Àwọn kan yóò fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, kí aṣojú náà fi làákàyè kún un. Ọmọ tí òwe yìí ń sọ ti gbé ilé náà pẹ́, ó mọ ìwà ẹni tó rán an. Aṣojú tiwa yìí, bí a kò bá kọ nǹkan sílẹ̀ fún un, àlejò ni nínú gbogbo iṣẹ́ tuntun.

Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ kan àwa tí à ń kọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Lẹ́tà lásán láìsí àmì, nọ́ńbà, àti ìlà kéékèèké ni ọ̀pọ̀ ètò ń gbà nínú orúkọ irinṣẹ́. "ko_iwe" lè wá jẹ́ kọ ìwé, kó ìwé, tàbí kọ́ ìwé. Bí àmì tilẹ̀ pé, "pa fáìlì" kò tíì yé ẹnikẹ́ni: ṣé ká pa á dé ni àbí ká pa á rẹ́? Nínú èkíní, kò sí ohun tó sọnù. Nínú èkejì, iṣẹ́ ti lọ. Ìjúwe ìlò tó péye yóò kà báyìí: "Ó ń fi iṣẹ́ pamọ́, lẹ́yìn náà ó ń pa fáìlì dé. Kì í pa á rẹ́. Má lò ó fún fáìlì tí ẹlòmíràn ṣì ń kọ nǹkan sí."

Ó ku àwọn àlàfo. "Àlàfo" ni mo yàn nítorí pé gbogbo ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò rí ló mọ ohun tó ń jẹ́ "fi ọ̀rọ̀ tó yẹ dí àlàfo". Ẹ wo irinṣẹ́ ìròyìn ojú ọjọ́ tó ní àlàfo tí wọ́n pè ní "ojo". Ọjọ́ ni àbí òjò? Bó bá sì jẹ́ ọjọ́, ṣé iye ọjọ́ ni àbí ọjọ́ kan pàtó? Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan pàtó, 04/05/2025 jẹ́ oṣù karùn-ún fún àwọn kan, oṣù kẹrin fún àwọn mìíràn. "ojo_ibere" ni èmi yóò pè é, n ó sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Ọjọ́ tí ìròyìn yóò ti bẹ̀rẹ̀, ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ gbẹ̀yìn, bí i 2025-05-04."