Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ sínú omi àtẹ̀yin tẹ́ ẹ bí i lórí ilẹ̀, ẹ wá sọ bó ṣe rí

Aboyún Ìgbógbó
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá mi àtẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ, àkọ́bí ni, Ìgbógbó là ń gbé ní Ìkòròdú níbí. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bímọ sínú omi lọ́dún tó kọjá, ó fi fídíò ránṣẹ́, mi ò gbọ́ igbe kankan níbẹ̀, ó kàn ń mí gùlegùle, ó di ẹ̀gbẹ́ púùlù yẹn mú, nígbà tó yá nọ́ọ̀sì ki ọwọ́ bọmi ó gbé ọmọ lé e láyà, ó parí. Látìgbà yẹn lọkàn mi ò ti kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ mi ní ṣé ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ni mo fẹ́ bí ni. Ẹ̀yin tójú yín ti rí i, ì báà jẹ́ nínú omi ì báà jẹ́ lórí ilẹ̀, ẹ bá mi sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi o.

Ìyá Dára, Ẹbúté
Àbúrò mi, Ọlọ́run á sọ ẹ́ kalẹ̀ láyọ̀. Èmi ti ṣe méjèèjì. Manchester ni mo bí àkọ́bí mi sí, inú omi, ìkejì rèé Ìkòròdú níbí, orí bẹ́ẹ̀dì.

Ti Manchester yẹn, èèyàn ò kàn ń kó sómi o. Wọ́n yẹ̀ mí wò tinú tẹ̀yìn, ọmọ kan ṣoṣo ni, orí ló kọ sísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ò ru, oyún ti lé ní ọ̀sẹ̀ 37, kí wọ́n tó ní ó dáa. Wọn ò sì jẹ́ kí n tètè wọlé, wọ́n ní tí mo bá yára wọ omi ìrọbí lè dẹ̀ padà, àfìgbà tó mú mi dáadáa. Tẹmómítà ń léfòó nínú omi yẹn, nọ́ọ̀sì ń wò ó ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá 37 àtààbọ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó ń kì bọmi láti gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, ó ní dígí, ó ní tọ́ọ̀ṣì tómi kì í bà jẹ́, ó ń fi wo ìsàlẹ̀ láìní kí n yí padà. Asẹ́ kékeré náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má bi mí ohun tó ń fi kó, ẹni tó bá ti tiraka bímọ rí ti mọ̀.

Ìrora ńkọ́? Ó wà ńbẹ̀ digbí jàre, kẹ́nikẹ́ni má tàn ẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ara fúyẹ́, mo lè kúnlẹ̀, mo lè lọ́ sápá ọ̀tún, mo lè sinmi láàárín kó tó tún mú mi, mi ò sì rò ó pé kẹ́nìkan fún mi ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń pa ìrora. Ibi tó le jù ni ìgbà tí wọ́n ní kí n jáde kí ibi ọmọ tó bọ́. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń kán lára mi, àwọn méjì dì mí lápá mú, àtẹ̀gùn méjì péré ni mo fẹ́ sọ̀ o, mo rò pé mi ò ní débẹ̀.

Ti Ìkòròdú wá dé. Mo ra Dettol, mo ra Jik, páàdì, kọ́tìnì wúùlù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, máàtì tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ èèyàn. Wọ́n ní kí n sùn gbalaja, ẹsẹ̀ sókè. Ẹ̀yìn mi fẹ́ já. Mo bẹ nọ́ọ̀sì kan tí ò tíì dàgbà púpọ̀, ó gbà kí n lọ sí bálùwẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé fúláàsì omi gbígbóná wá, ó fi tútù lú u, mo jókòó lórí àpótí mo tẹ̀ síwájú, ó ń fi abọ́ da omi yẹn sí mi nídìí ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, tó bá ti mú mi á tún da òmíràn. Ẹ gbà mí gbọ́, ìdajì ohun tí púùlù Manchester ṣe fún mi, abọ́ yẹn ṣe é. Nígbà tí ọmọ fẹ́ bọ́ mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì mo bí i.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀pẹ́
Ìyá Dára káre. Iṣẹ́ àgbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò gbẹ̀bí nínú omi rí, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà ńbẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé ṣé ọmọ ò ní mu omi. Nígbà tọ́mọ ń jáde kò tíì máa fi imú mí, inú okùn ìwọ́ ni atẹ́gùn ẹ̀ ti ń wá, afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí i lójú ló ń jẹ́ kó mí àkọ́mí. Torí ẹ̀ lomi fi gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gbé e sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tórí bá sì ti yọ kúrò lómi, wọn kì í dá a padà síbẹ̀ mọ́. Gbígbé sókè yẹn náà lọ́gbọ́n nínú o, ẹni tó bá fà á fìrì, okùn ìwọ́ lè já, ẹ̀jẹ̀ ọmọ á máa dà.

Dókítà Faransé kan, Michel Odent, wà lára àwọn tó jẹ́ káráyé gbọ́ ọ dáadáa, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Pithiviers ló ti ń ṣiṣẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1983 nígbà tí wọ́n bí ọgọ́rùn-ún ọmọ sómi lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ sì wò ó o, ìrora ló fẹ́ fomi dẹ̀, àwọn obìnrin kan kàn wọ̀ ọ́ tán tí wọn ò fẹ́ jáde mọ́ tọ́mọ fi dé. Dòní olónìí àríyànjiyàn ò tíì tán lórí ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ní Amẹ́ríkà sọ ní 2016 pé ẹni tára ẹ̀ dá lè wọ omi nígbà tó bá ń rọbí, láti ọ̀sẹ̀ 37 sí 41, ṣùgbọ́n kó jáde wá bí i lórí ilẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò le tó bẹ́ẹ̀. Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, náà kó ìwádìí 15 jọ ní 2018, wọ́n rí i pé àwọn tó wọ omi nígbà ìrọbí ò gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó àwọn tí ò wọ̀ ọ́, wọn ò sì rí i pé ó ṣe ọmọ níbi. Èmi ò rí ohun tó burú nínú omi fún ìrọbí. Ibi tọ́mọ máa bọ́ sí àtohun tó ń tẹ̀ lé e ni tèmi.

Ìyá Ìbejì, Ajárá Àgbádárìgì
Ohun tó ń tẹ̀ lé e yẹn gan-an ni mo wá sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń pariwo omi omi sí mi létí nígbà yẹn, nọ́ọ̀sì ní rárá, ìbejì kì í wọ omi. Inú bí mi. Táíwò jáde wẹ́rẹ́. Kẹ́hìndé fi ẹsẹ̀ wá, dókítà ló fọgbọ́n gbà á jáde. A ti ń kí ara wa kú ewu, àṣé ẹ̀jẹ̀ ló kù.

Wọ́n ti tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìdí mi, ó ní àpò nísàlẹ̀, ó ní ìlà tó ń fi ìwọ̀n hàn. Mò ń wo ojú nọ́ọ̀sì yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìlà náà, ó ní "ó ti ń lọ sí 500", mílílítà ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ, kò pariwo o, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ni wọ́n bá ya bò mí. Ẹnìkan ń fọwọ́ ra ikùn mi kíkankíkan, ẹnìkan gún mi lábẹ́rẹ́, ẹnìkan ń so dírípù, wọ́n ní kí ọkọ mi sáré lọ wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó dá kó tó di pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Àmọ́ mo máa ń ro ó, ká ní inú omi ni mo wà, tí gbogbo ẹ̀ ti pupa, ta ló máa mọ̀ pé ó ti tó 500 àbí ó ti tó 1,000?

Màmá Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀pẹ́
Ọ̀rá tó sọ yẹn, wọ́n fi irú ẹ̀ ṣe ìwádìí tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE, Nàìjíríà wà ńbẹ̀, Kenya, Tanzania àti South Africa náà wà ńbẹ̀. Èsì ẹ̀ jáde ní 2023. Àwọn ilé ìwòsàn tó ń lò ó, tí wọ́n sì ń fún obìnrin ní gbogbo ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dípò kí wọ́n máa dán an wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàhálà ẹ̀jẹ̀ tó le dín kù níbẹ̀ ní ìdá 60 nínú 100. Ojú la fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ láyé tiwa, ojú sì máa ń parọ́. Nínú omi ó tún ń parọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ṣèyí, Òkè Balógun Ẹ̀pẹ́
Ẹ̀yin náà ń sọ ọ́ bíi pé orí bẹ́ẹ̀dì nìkan nilẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ni mo fi bí ọmọ mi kẹta. Ìyá àgbẹ̀bí tó ní ìwé àṣẹ ìjọba Èkó lára ògiri ni, ẹní ló tẹ́, ó tẹ́ aṣọ lé e, mo di àpótí mú níwájú, ó wà lẹ́yìn mi. Ìyá mi àgbà ní báyìí làwọn náà ṣe bí tiwọn, kò sẹ́ni tó ń sùn gbalaja nígbà yẹn. Ó rọ̀ mí lọ́rùn ju ti orí bẹ́ẹ̀dì lọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn kì í gba alákọ̀ọ́bí o, kì í gba ẹni tẹ́jẹ̀ ẹ̀ ń ru, ó bi mí ní káàdì Jẹ́nẹ́rà kó tó jẹ́ kí n jókòó.

Bọ̀dá Ìjẹ̀dè
Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Instagram niyàwó mi ti rí i, ó ní omi lòun fẹ́, ọmọ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni. Mo ra púùlù onírọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, nọ́ọ̀sì kan gbà láti wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé omi tó máa kún un máa tó nǹkan bíi 500 lítà, ìyẹn ogún kẹ́ẹ̀gì 25 lítà. Ẹ sì mọ omi bohóòlù àdúgbò wa, ó máa ń mọ́ kedere nígbà tó bá ń jáde, tó bá ti pẹ́ díẹ̀ á di pupa rúsúrúsú, wọ́n ní irin ló wà nínú ẹ̀. NEPA ò sí lóru yẹn. Gáàsì la gbé ìkòkò tí wọ́n fi ń se ìrẹsì ayẹyẹ kà, à ń hó o à ń rù ú à ń dà á, èyí tó wà ńsàlẹ̀ ń tutù. Nọ́ọ̀sì ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, ó ní 33. A tún da ìkòkò kan sí i. Ó ní 34. Ìyàwó mi dúró ó di ìdí mú, ó wo omi, ó wò mí, ó ní "Dádì, mi ò lè bímọ mi sínú omi ìpẹtà o". Ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mátíráàsì, ọmọ ti dé kí ìkòkò kẹta tó hó.

Aboyún Ìgbógbó
Ẹ̀rín pa mí kẹ́rù tó bà mí. Ẹ ṣé gan-an. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ní òun ní báàfù ńlá, pé òun á gbé e wá sílé wá gbẹ̀bí fún mi nínú ẹ̀. Kí ni kí n bi í?

Màmá Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀pẹ́
Bi í bóyá nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni àbí alábáàfù. Bi í níbi tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ oxytocin sí, èyí tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, láàárín 2 sí 8 lórí tẹmómítà, iná tí wọ́n ń mú lọ yìí ńkọ́. Bi í bóyá ó ní báàgì tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sọ́mọ tí ò bá ké, kó gbé e jáde kó o rí i. Bi í nípa bó ṣe ń fọ báàfù yẹn lẹ́yìn ẹni tó lò ó ṣáájú ẹ. Tó o bá dákú sínú omi, àwọn wo ló máa gbé ẹ jáde, aboyún tára ẹ̀ tutù tó sì ń yọ̀ kì í ṣe ẹrù ẹnìkan. Ọkọ̀ wo ló máa gbé ẹ dé Jẹ́nẹ́rà láti Ìgbógbó tí gosílóò bá dì. Tó bá fi àdúrà dáhùn gbogbo ẹ̀, ṣe àmín, kó o sì máa lọ.

Tó bá jẹ́ ìrora lò ń bẹ̀rù, lọ bi wọ́n ní klíníìkì ẹ báyìí, má dúró dọjọ́ ìkúnlẹ̀: ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n rìn, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n kúnlẹ̀, ṣé wọ́n máa jẹ́ kẹ́nìkan dúró tì mí, ṣé mo lè wẹ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo wí o, kì í ṣe omi ìbímọ tí wọ́n fi ń jó èèyàn lára, tára ìyá bá gbóná jù ọkàn ọmọ á máa sáré. Tómi ẹ bá já tó láwọ̀ ewé, tàbí tó o rí ẹ̀jẹ̀, má wọ bálùwẹ̀ kankan, ọkọ̀ ni kó o wọ̀.

Ìyá Dára, Ẹbúté
Kó o sì mú sílípáàsì tí ò ń yọ̀ dání. Ilẹ̀ bálùwẹ̀ wọn, hmm.

Ìyá Ṣèyí, Òkè Balógun Ẹ̀pẹ́
Bọ̀dá Ìjẹ̀dè, púùlù yẹn dà báyìí?

Bọ̀dá Ìjẹ̀dè
Ó wà nílé. Ọmọ tá a torí ẹ̀ rà á ló ń fi í ṣeré nígbà ooru, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti fi bírò lu ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fọkanáísà ti bá wa lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, owó ẹ̀ ò le, àmọ́ mi ò ní bá a pọnmi o.