Ṣé kétò yìí lè bá gbogbo ara mu títí lọ, pàápàá ẹni tó ń sáré gan-an?

Asáré_Ìbàdàn

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ọdún 41 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, oṣù mẹ́jọ rè é tí mo ti wà lórí kétò, oúnjẹ tí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀, tí kábù (ẹ̀bà, ẹ̀kọ, ìrẹsì, ṣúgà) sì kéré gan-an. Kílò 104 ni mo wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ti di 86 báyìí, ṣòkòtò tí mo wọ̀ níjọ́ ìgbéyàwó mi tún ti gbà mí, ẹ̀jẹ̀ ríru mi náà ti wálẹ̀. Ẹ má rò pé mo wá bú kétò o, ó ṣiṣẹ́ fún mi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé láti bí oṣù mẹ́ta ni mo ti ń sáré, mo fẹ́ sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti Èkó tí wọ́n máa ń sá lóṣù kejì ọdún, kìlómítà 42 gbáko, láti Sùúrùlérè gba orí Third Mainland lọ sí Eko Atlantic. Tí mo bá ń sá jẹ́jẹ́ kò síyọnu, mo lè sá wákàtí méjì láìjẹ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ebi ò ní pa mí, òòyì ò ní kọ́ mi. Àmọ́ tó bá di Sátidé, àwa tá a jọ ń sáré máa ń lọ sí òkè Àárẹ̀ níbi Bower's Tower, a máa ń sá gòkè ká tó rìn sọ̀kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ẹ̀ẹ̀kejì péré, ẹsẹ̀ mi á ti wúwo bí òjé, kì í ṣe pé mò ń mí hẹlẹhẹlẹ ju àwọn yòókù lọ o, ẹsẹ̀ ni kì í dá mi lóhùn mọ́. Bàbá kan wà láàárín wa tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹ̀kọ gbígbóná ló máa ń jẹ kó tó jáde, á kàn kọjá lára mi wẹ́rẹ́, á ní "àbúrò, lọ jẹun o". Ó ti ń dùn mí.

Nǹkan méjì míì: ìyàwó mi náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nítorí ó rí bí mo ṣe fọn, ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́rin, ó ń fọ́mú. Ìyá mi tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà ní kí n kọ oúnjẹ yẹn sílẹ̀ fún òun. Ṣé nǹkan téèyàn lè máa ṣe títí ayé ni, ṣé gbogbo èèyàn ló sì lè ṣe é? Ẹ là mí lóye.

BàbáKétò_Ẹ̀gbá

Àbúrò, o ṣeun. Ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni èmi ti wà lórí ẹ̀, mo ti lé lẹ́ni ọdún 50, ìtọ̀ ṣúgà ló gbé mi débẹ̀, dókítà mi ló ń bá mi dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀, mi ò dá a ṣe o. Ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin, píà, kí ló tún kù? Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé kétò ò dáa kì í jẹ iyọ̀ tó. Tó o bá yọ kábù kúrò, kíndìnrín á máa tu iyọ̀ dànù pẹ̀lú omi, ìdí nìyẹn tí orí fi máa ń fọ́ èèyàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ara á máa rọ. Se omi ẹran, fiyọ̀ sí i, mu ún kó o tó sáré.

Wọ́n sì ti ṣàyẹ̀wò àwọn tó ń sá eré ọlọ́nà jíjìn ní Amẹ́ríkà, 2016 ni wọ́n gbé e jáde, ogún ọkùnrin, mẹ́wàá ń jẹ kábù, mẹ́wàá kì í jẹ ẹ́ púpọ̀. Àwọn tí kì í jẹ ẹ́ ń jó ọ̀rá ní ìlọ́po méjì àwọn yòókù, ó tó gíráàmù kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ní ọ̀rá lára ti ní epo tó lè gbé e dé Sókótó, ṣúgà inú iṣan ò lè gbé e kọjá Ṣàgámù. Ní sùúrù, oṣù mẹ́jọ kò tíì pọ̀.

Kóòṣì_Orí_Òkè

Ẹ̀gbọ́n BàbáKétò, mo gbà fún yín lórí iyọ̀, mo sì mọ àyẹ̀wò tẹ́ ẹ sọ yẹn, àmọ́ ẹ ò sọ ìyókù rẹ̀. Ohun tí wọ́n wọ̀n níbẹ̀ ni iye ọ̀rá tí wọ́n ń jó, wọn ò ní kí wọ́n díje kí wọ́n wo ẹni tó máa ṣáájú. Jíjó ọ̀rá yàtọ̀ sí kéèyàn yára.

Asáré, wò ó báyìí. Tí NEPA bá mú iná lọ, ìńfátà rẹ á gbé bọ́ọ̀bù, fáànù, tẹlifíṣàn, títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní pariwo. Ṣùgbọ́n tan áyọ́ọ̀nù sí i, tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, pìì pìì pìì, ó ti kú. Kì í ṣe pé bátìrì ti tán o, ó kún dẹ́nu, kò kàn lè tú iná jáde ní kíá bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń fẹ́ ẹ ni. Jẹnẹrétọ̀ lo nílò fún ìyẹn. Ọ̀rá ara ni ìńfátà, ṣúgà tó wà ní ìpamọ́ nínú iṣan ni jẹnẹrétọ̀. Òkè Àárẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rá máa ń gba atẹ́gùn púpọ̀ kó tó jó ju ṣúgà lọ, fún agbára kan náà. Tó o bá ń sá jẹ́jẹ́ atẹ́gùn pọ̀ nílẹ̀, kò já mọ́ nǹkan. Tó o bá ń gun òkè kíkankíkan, atẹ́gùn gan-an ni kò tó, ibẹ̀ lọ̀rá ti ń já èèyàn kulẹ̀. Obìnrin kan wà ní Ọsirélíà tó ń jẹ́ Louise Burke, òun àti àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọ̀jẹ̀ tó ń rìn kánkán fún ìdíje jọ, àwọn tó ti ṣojú orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n fún wọn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gidi fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 2017 ni àbọ̀ rẹ̀ jáde. Àwọn tó jẹ kábù yára sí i lórí kìlómítà 10. Àwọn tó jẹ kétò? Ọ̀rá jó lára wọn bí iná ọyẹ́, wọn ò sì yára sí i rárá, gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn já sí asán. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà, ohun kan náà ni wọ́n rí.

Àwọn ará Kẹ́ńyà tó máa ń gbowó lọ lÉkòó lọ́dọọdún ńkọ́? Ugali ni wọ́n ń jẹ, ó jọ tùwó àgbàdo wa, pẹ̀lú tíì onímílíìkì tí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n rí fún àwọn kan nínú wọn, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára oúnjẹ wọn ló ti ara kábù wá.

Ìmọ̀ràn mi: má fi kétò sílẹ̀ pátá bí ó bá ń tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé òkè, àti lọ́jọ́ tó o bá máa sá ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, jẹ kábù ní bíi wákàtí méjì kó o tó jáde. Ẹ̀kọ méjì, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa. Má jẹ àkàrà o, epo inú ẹ̀ á dọ́gbọ́n jókòó sí ẹ níkùn, mo mọ ohun tí mo rí ní Òjota lọ́dún kan, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́.

ÌyáAjé_Dùgbẹ̀

Èmi ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n lọ kábéèjì, kí n fún omi ẹ̀ dànù, kí n rò ó bí àmàlà. Mo rò ó títí, apá ro mí, nígbà tí mo gbé e sínú àwo ó kàn ń tẹ́ lọ bí ẹni tí wọ́n jí nílé. Ọmọ mi wò ó, ó ní "màámi, kí nìyí". Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnu mi ń rùn bí èso tó ti bàjẹ́, ìgbẹ́ ò yá mọ́, kíréètì ẹyin kan ò sì pé ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ta ló ń rówó yẹn? Ẹni tó ń gbé ẹrù lọ́jà láti òwúrọ̀, ẹ ní kó má jẹ ẹ̀bà? Ẹ̀yin ẹ máa ṣe é o.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Ẹ̀gbọ́n mi Asáré, gbogbo wọn ti sọ ti eré sísá, èmi ò ní dá sí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín àti ìyá yín ló gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, torí ẹ kàn fi há àárín ni, òun gan-an ló lágbára jù.

Abiyamọ tó ń fọ́mú kó má ṣe kétò. Ẹ jọ̀ọ́. Omi ọmú ń gba ṣúgà lára ìyá lójoojúmọ́, tí kò bá sí kábù nílẹ̀, ara á máa ṣe kétóònù (nǹkan kíkan tí ara ń ṣe láti inú ọ̀rá) láìdúró títí ẹ̀jẹ̀ á fi kan, mo ní kíkan bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá kan. Ó á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, á máa mí kíkankíkan, ó lè dákú. Àwọn dókítà ní Sweden kọ̀wé lórí irú ẹ̀ ní 2015, obìnrin tó ń fọ́mú tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà rárá tẹ́lẹ̀. Kó dúró kí ọmọ ó já lẹ́nu ọmú, ọ̀rá ò ní sá lọ.

Ti ìyá yín: kí ló ń lò? Ẹ wo ara páálí oògùn yẹn kẹ́ ẹ tó kọ oúnjẹ kankan fún wọn. Tó bá jẹ́ glibenclamide tàbí glimepiride, tí wọ́n bá ń lo oògùn náà bí tẹ́lẹ̀ tí kábù sì ti kúrò, ṣúgà wọn á já wálẹ̀ lóru, ìyẹn sì lè pa àgbàlagbà. Tó bá jẹ́ oògùn tí orúkọ ẹ̀ parí sí gliflozin, dapagliflozin, empagliflozin, ti ìyẹn tún burú jù, ẹ̀jẹ̀ lè kan kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà sì máa fi hàn pé gbogbo ẹ̀ wà dáadáa. Ìdílé á máa wo ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ní kò sí nǹkan, màmá á sì ti máa lọ. BàbáKétò ṣe é, dókítà sì ń bá a dín oògùn kù, ẹ rí i bó ṣe kọ ọ́? Ibẹ̀ ló ti yege.

Àwọn míì tí kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe: ẹni tí pancreas (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn ikùn) rẹ̀ ti dùn ún rí, ẹni tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn. Àti ẹ̀yin SS, omi tó máa ń kúrò lára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí àìtó omi máa ń fà fún eegun.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni màá sọ èyí: oògùn wárápá ni wọ́n kọ́kọ́ pe oúnjẹ yìí. Ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ní 1921 ni dókítà Russell Wilder ti fún un lórúkọ, ọmọdé ni wọ́n sì ń fún títí dòní tí oògùn kò bá mú wárápá náà. Àwọn ọmọ yẹn, wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí òkúta máa ń wọ àwọn kan ní kíndìnrín, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn kan á sì gòkè. Àgbàlagbà tó rí i lórí fóònù kì í yẹ nǹkan kan wò. Ẹ̀gbọ́n, oṣù mẹ́jọ, ìgbà wo lẹ yẹ LDL (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú) yín wò kẹ́yìn?

BàbáKétò_Ẹ̀gbá

Nọ́ọ̀sì, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, tèmi gòkè lọ́dún kejì, mi ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo dín bọ́tà àti epo pupa kù, mo fi ẹja àti ẹ̀pà dípò, ó wálẹ̀. Kóòṣì, ìńfátà tèmi ń gbé áyọ́ọ̀nù o, àfi tí mi ò bá kàn tíì lọ aṣọ rí.

Kóòṣì_Orí_Òkè

Ẹ ò lọ aṣọ rí, bàbá. Ẹ máa ń rìn yíká Olúmọ ni, ẹ ti sọ ọ́ fún wa rí níbí 😂

Asáré_Ìbàdàn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, LDL mi ga, kì í ṣe díẹ̀, dókítà ní kí n dín ọ̀rá ẹran kù ká tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìyàwó mi ti fi í sílẹ̀, inú ń bí i sí mi díẹ̀ pé èmi ni mo fi aṣọ tuntun dán an wò. Oògùn ìyá mi, mo wo páálí ẹ̀, glimepiride ló wà níbẹ̀. Mi ò kọ oúnjẹ kankan fún wọn mọ́, ọjọ́rú la jọ máa lọ rí dókítà wọn.

Ti òkè: mo jẹ ẹ̀kọ méjì lọ́jọ́ Jímọ̀ lálẹ́, méjì láàárọ̀ Sátidé. Kílò ààbọ̀ ló wọlé lára mi láàárín ọjọ́ méjì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí òṣùwọ̀n, àfìgbà tí Kóòṣì pè mí tó ní omi ni, pé gíráàmù ṣúgà kan tó bá wọ iṣan máa ń fa bíi gíráàmù omi mẹ́ta wọlé pẹ̀lú ara ẹ̀, àti pé omi yẹn náà ló kọ́kọ́ jáde lára mi lọ́sẹ̀ kìíní kétò tí mò ń yọ̀ pé mo ti fọn. Ó bí mi nínú díẹ̀ o.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo gun òkè náà tán. Bàbá yẹn ṣì kọjá lára mi ṣá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kẹfà ló tó rí mi kọjá, kò sì rí èémí tó máa fi sọ pé kí n lọ jẹun.