Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo kọ́tà afọwọ́tẹ̀ fún ilẹ̀ àti ara ilé yín, ẹ wá sọ bó ṣe bá yín

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Maryland:
Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kọ́tà afọwọ́tẹ̀ ni mo gbé wá, èyí tí ò lo iná tí ò lo epo, ọwọ́ irin gígùn kan ló ní, tẹ́ ẹ bá ti ki pákó sábẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ ọwọ́ yẹn wálẹ̀, bíléèdì á gé e gbàà, ó parí. Ẹni tó bá ti fi ṣe ilẹ̀ ilé ẹ̀ tàbí siding, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi ń bo ara ògiri ilé níta, kó wá sọ tẹnu ẹ̀, torí àwọn tó ń bi mí léèrè ti pọ̀ jù, mi ò lè máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tèmi rèé. Bẹ́ẹ̀sìmẹ́ǹtì wa, yàrá tó wà nísàlẹ̀ ilé, ni mo tẹ́ laminate sí, ìyẹn pákó àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tá a bá níbẹ̀ ti ń rùn, ìyàwó mi ní òun ò gbàlejò síbẹ̀ mọ́ láyé òun, àwọn oníṣẹ́ tá a sì pè wá wò ó, owó tí wọ́n dárúkọ, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ jàre. Mo kọ́kọ́ fẹ́ ra ayùn oníná, àmọ́ alẹ́ ni mo sábà máa ń ráyè, àwọn ọmọ sì ti ń sùn nígbà yẹn, inú bẹ́ẹ̀sìmẹ́ǹtì yẹn kan náà sì ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru káàkiri ilé wa wà, eruku yòówù tí mo bá dá sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó máa fà á, á fẹ́ ẹ bá àwọn ọmọ lókè. Ni mo bá lọ háyà kọ́tà.

Bó ṣe ń gé nìyí. Ojú pákó tó lárà ni kẹ́ ẹ kọ sókè, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i, ẹ tì í mọ́ irin tó wà lẹ́yìn kó lè dúró gbọnrangandan. Ẹ má gbá ọwọ́ ẹ̀ wálẹ̀ o. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ títí bíléèdì á fi kan pákó, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi gbogbo ara lé e. Ìdí pákó tó yọ síta, ẹ wá nǹkan tì í lábẹ́ kó bá kọ́tà dọ́gba, tó bá ń fì, gígé ẹ̀ á wọ́. Etí ibi tó gé yẹn máa ń bó díẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ògiri lẹ máa kọ ọ́ sí, skirting, pákó tín-ín-rín tó máa ń wà nídìí ògiri, á bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù lára pákó náà, ẹ má jù ú nù, òun lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn tó bá ti tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ibi tí pákó ti pàdé pákó má bàa tò síbì kan náà.

Ohun tí kọ́tà yìí ò lè ṣe ni kó la pákó gbọọrọ. Ìlà tó gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ ògiri kì í sábà gba odindi pákó, ẹ máa ní láti là á, jigsaw, ayùn oníná kékeré tó ń lọ sókè sódò, ni mo yá lọ́wọ́ aládùúgbò mi, mo sì là wọ́n nínú gáráàjì lọ́sàn-án. Ti férémù ilẹ̀kùn ńkọ́? Ẹ má bá ara yín jà pé ẹ fẹ́ gé pákó yípo ẹsẹ̀ férémù. Ẹ gbé èékù pákó kan lé orí fóòmù tó máa wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ tì í mọ́ férémù, ẹ fi ayùn ọwọ́ lélẹ̀ pẹrẹsẹ lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ gé ẹsẹ̀ férémù yẹn. Pákó á wọ abẹ́ ẹ̀ rẹ́gí, ẹni tó bá rí i á rò pé kápẹ́ńtà àgbà ló wá.

Ẹ jẹ́ kí pákó náà sùn nínú yàrá yẹn fún wákàtí 48 kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì fi àyè mílímítà 8 sí 10 sílẹ̀ yíká ògiri. Ooru ọ̀rinrin tó ń mú wa ní Maryland nígbà ẹ̀rùn, pákó máa ń wú sí i, tí kò bá ráyè lọ, àárín yàrá ló ti máa gbéra sókè.

Ìyá Ìbejì, London:
Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun. Fláàtì lèmi ń gbé, ẹni tó wà nísàlẹ̀ wa, tẹ́ ẹ bá ju ṣíbí sílẹ̀ ó ti ń kanlẹ̀kùn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ayùn oníná ò tiẹ̀ wáyé. Vinyl olóòkúta tí wọ́n ń pè ní SPC, ìyẹn pákó ilẹ̀ oníke, ni mo tẹ́ sí kíṣìnì. Ẹ má fi kọ́tà laminate gé ìyẹn tí wọn ò bá kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ó lè gé e o, lẹ́búlẹ́bú òkúta ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, bíléèdì á kú. Ọ̀bẹ tí wọ́n ń pààrọ̀ bíléèdì ẹ̀ yẹn náà ni mo lò, mo fi rúlà onírin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fà á kọjá lójú kan náà títí ojú ẹ̀ fi jin, mo gbé e sí etí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́, kàà, ó dá. Ọwọ́ á ro yín, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n ẹni ìsàlẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ará London tẹ́ ẹ wà ní fláàtì, ẹ ka ìwé àdéhùn yín dáadáa kẹ́ ẹ tó náwó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé kápẹ́ẹ̀tì ni ká tẹ́, kí ìró ẹsẹ̀ má bàa dààmú ẹni ìsàlẹ̀. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ hú gbogbo ẹ̀ kúrò.

Texas la wà:
Ẹ jẹ́ kémi sọ ti siding, torí òun ló ń pààyàn tí a ò mọ̀. Siding onísìmẹ́ńtì ló pọ̀ lára ilé ní Houston tiwa níbí. Mo rí àwọn èèyàn wa tó ń fi ayùn oníná gé e láìbo imú, eruku funfun á bò wọ́n látorí dé ẹsẹ̀, wọ́n á ní ṣé bí sìmẹ́ńtì lásán ni. Kì í ṣe lásán o. Silica, èròjà tó wà nínú iyanrìn, wà nínú ẹ̀, tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde mọ́, ojú àpá ló ń di níbẹ̀, èémí èèyàn á máa kúrú sí i. OSHA tó ń rí sí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé òfin tuntun jáde lé e lórí lọ́dún 2016, àmọ́ ta ló máa wá wo ìwọ tó ò ń ṣe é lẹ́yìnkùlé ẹ?

Lára gáráàjì mi tí ìjì bà jẹ́, kọ́tà afọwọ́tẹ̀ tó nípọn ju ti laminate lọ ni mo fi gé e. Ó wúwo, ẹni méjì ló yẹ kó gbé e. Èérún ló ń já bọ́ sílẹ̀ dípò eruku, mo gbá a, mo kó o. Èyí tí mo ní kí n fi ọ̀bẹ fà kí n sì ṣẹ́ náà ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ máa ń rí ṣákaṣàka, ibi tí pátákó igun ilé á ti bò ó ni mo lò ó sí. Ibi tẹ́ ẹ bá gé, ẹ kun ún lọ́dà kẹ́ ẹ tó kàn án mọ́ra, kí omi má wọ̀ ọ́.

Ọwọ́ Ò Dilẹ̀:
Vinyl siding, èyí tí wọ́n fi ike ṣe, ni tèmi, New Jersey. Kò nílò kọ́tà ńlá rárá, sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé páànù tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè níbi ihò ìṣó, ẹ má sì pa ẹnu sísọ́ọ̀sì dé tán tẹ́ ẹ bá ń gé, ibi tó bá ti pàdé tán ló ti máa ń ya jágajàga. Ẹ má ṣe é nígbà òtútù líle, ṣe ló máa ń là. Ìṣó ẹ̀ kì í wọlé tán, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá dì í mú kó lè máa rìn sọ́tùn-ún sósì, kẹ́ ẹ sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun ẹ̀. Ilé kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n kàn án pinpin, oòrùn ò tíì mú dáadáa tó ti ṣe kólokòlo.

Táìlà Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará òkè òkun ẹ kú iṣẹ́ o. Níbí táìsì là ń lẹ̀, kọ́tà afọwọ́tẹ̀ sì ni ìyàwó àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ wa. Ó ní wííìlì kékeré kan tó le, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa fi fa ìlà lórí táìsì láti etí dé etí. Ẹ fetí sí ìró ẹ̀, tó bá ń dún "ṣààà" láìdánu dúró, ìlà yẹn dáa. Tẹ́ ẹ bá tún padà fà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ti bà á jẹ́, ibi tó bá wù ú ló máa gbà dá. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ kọ́tà tẹ̀ ẹ́, á dá bíi bísíkíìtì. Mo máa ń kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí wííìlì yẹn, kó má bàa gan.

Ti ògiri rọrùn. Èyí tó ń fúnni níṣẹ́ ni vitrified, táìsì ilẹ̀ tó ki gan-an, sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, ó le, kọ́tà yẹpẹrẹ tí irin ẹ̀ ń mì kò lè gé e, ẹ ra èyí tí irin ẹ̀ méjèèjì dúró. Tí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ yọ kúrò bá sì tín-ín-rín jù, ká ní kò tó ínṣì kan, ẹ má dààmú ara yín, máṣíìnì fílíǹ, ẹ̀rọ oníná tí bíléèdì ẹ̀ ń yí, ló máa gé ìyẹn. Òun náà ló máa gé ihò páìpù àti igun.

Oníbàárà kan dúró lé mi lórí ní Àkóbọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ò ní máṣíìnì ni? Kí ló dé tẹ́ ẹ ń fọwọ́ ṣe é bí ará àtijọ́?" Mo ní, "Alàgbà, máṣíìnì wà nínú àpò, NEPA ni ò sí, ẹ bá wa ra epo sí jẹ́n." Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́n? Bàbá wọlé lọ. Ìgbà tó máa padà jáde, mo ti parí pálọ̀, aṣọ tó sá sórí okùn ò sì ní eruku kankan. Ó ní ká máa bá a bọ̀ ní tọ́yílẹ́ẹ̀tì.

Ìwé Tuntun:
Ẹ̀gbọ́n Maryland, ilé wa ní Baltimore ti pẹ́, mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo rí táìsì ínṣì 9 sí 9 lábẹ́ ẹ̀, àwọ̀ ewé. Ṣé kí n fi ọkọ́ họ ọ́ kí n tó tẹ́ laminate?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Maryland:
Àbúrò mi, ẹ dákun ẹ má fọwọ́ kàn án! Táìsì ínṣì 9 nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1980, asbestos, èròjà kan tí eruku ẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ, sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ó lè wà nínú gọ́ọ̀mù dúdú abẹ́ ẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá họ ọ́, ẹ ti tú u sínú afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní làábù kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Tí kò bá fọ́, tó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn tẹ́ laminate lé e lórí láìhú u.

Ìwé Tuntun:
Ha! Olúwa ló yọ mí, mo ti gbé ọkọ́ jáde. Ẹ ṣé sà. Kọ́tà wo wá ni kí n rà?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Maryland:
Ẹ kọ́kọ́ wọn fífẹ̀ pákó tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́. Àwọn kan wà tí ò gbà ju ínṣì 8 lọ, pákó òde òní sì ti ń fẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ yàrá kan péré, ẹ háyà ẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ẹnu bíléèdì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó lò ó ṣáájú kì í pọ́n ọn.

Táìlà Ìbàdàn:
Ẹni tó bá sì ń wá ti táìsì ní Èkó, kó lọ sí Orílé Kókà, kó mú odindi táìsì kan dání lọ, kí wọ́n fi gé e níṣojú ẹ̀ kó tó sanwó.