Ta ni kí wọ́n pè bí máṣíìnì bá gbé mi ṣubú lọ́nà Gwagwalada?

ỌmọKubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń gun máṣíìnì láti Kubwa lọ sí Gwagwalada, Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni gbogbo ẹbí mi wà. Mo ti fi bírò kọ nọ́ńbà màmá mi sórí bébà, ó wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

ẸniZuba:
Kò tó rárá. Pọ́ọ̀sì lọwọ́ olè máa ń kọ́kọ́ bà níbi ìjàǹbá. Ẹ má sì fi í sábẹ́ ìjókòó máṣíìnì: ilé ìwòsàn ni wọ́n máa gbé yín lọ, máṣíìnì á wà lẹ́bàá títì. Àpò àyà jákẹ́ẹ̀tì tó ní sípù ni kó wà, kí ẹ sì so èkejì mọ́ ọrùn lábẹ́ aṣọ.

Bírò ò dára, òógùn á pa á rẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, kó má ju káàdì ATM lọ, kí ẹ lámínéètì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á gé ọ̀rá náà mọ́ etí bébà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá fi mílímítà 3 yọ yí bébà ká, torí ọ̀rá mọ́ ọ̀rá ló ń dì. Bí kò bá yọ, etí rẹ̀ á là, òjò kan ṣoṣo á sì ba bébà inú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ kọ Hausa sí òdìkejì rẹ̀. Láti Zuba dé Giri, ẹni tó máa kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ yín lè má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Idan hatsari ya same ni, a kira wannan lamba" ti tó.

Nọ́ọ̀sìGwagwalada:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi káàdì náà sínú akoto o. Ẹni tó bá ń wá káàdì á fa akoto yọ, bí egungun ọrùn bá sì ti ṣẹ́, fífà yẹn lè sọ èèyàn di arọ. Ẹ fi "Kada a cire hular kwano" kún un.

Ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń kọ gàdàgbà. Kó wà níbẹ̀, ẹbí á fi tètè wá ẹni tó máa fúnni lẹ́jẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn á tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Ohun tí ojú wọn ò lè rí ló ṣe pàtàkì jù: oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ àti ìwọ̀n rẹ̀, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, oògùn tí ara yín kọ̀, bíi penicillin, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée (asthma), wárápá, tàbí bí ẹ bá jẹ́ SS. Ẹ má kọ NIN àti àdírẹ́sì ilé sí i.

ỌmọKubwa:
Ẹ ṣé gan-an ni. Fóònù ńkọ́? Ìka ọwọ́ mi ló ń ṣí tèmi.

ẸniZuba:
Bó bá jẹ́ Android, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Safety & emergency; lórí àwọn fóònù kan, abẹ́ About phone ló wà. Ti iPhone wà nínú Health, ní Medical ID. Ẹ tan Show When Locked. Ẹ wá ti fóònù pa, kí ẹ tẹ Emergency láìṣí i, kí ẹ wò ó bóyá ó hàn. Ṣùgbọ́n gíláàsì ń fọ́, bátìrì ń kú. Káàdì ni kí ẹ gbára lé.

ỌgáDispatch:
Nọ́ńbà gan-an ni kí a sọ. Màmá tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹni tó lè dé Gwagwalada láàárín wákàtí kan ni: ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́, alábàágbélé, ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Òfin ìlera ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Síbẹ̀ ẹnì kan ní láti wà níbẹ̀ tó máa ra oògùn, tó máa fọwọ́ síwèé. Kí màmá ṣe ìkejì, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn.

Ẹ bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ ṣáájú, torí àwọn gbájúẹ̀ náà máa ń pè pé ọmọ yín ti ní ìjàǹbá, ẹ fowó ránṣẹ́ kíá. Kí wọ́n béèrè orúkọ ilé ìwòsàn, kí wọ́n pe FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, lórí 122 tàbí kí wọ́n pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112, kí wọ́n má sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹni tí wọn ò mọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbé nọ́ńbà tí wọn ò bá mọ̀. Ẹ fún ẹnì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ò sí lórí fóònù àwọn méjèèjì ní káàdì náà, kó pè wọ́n ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tí kò bá gbé e, ẹ fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó lámínéètì.