Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: dókítà ní ká ṣiṣẹ́ abẹ sí ẹ̀yìn ọmọ mi

Ìyá Rọ̀kí, Ìkòròdú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin ti tojú sú mi. Télọ̀ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ní Sábọ ló kọ́kọ́ ní èjìká kan ga ju èkejì lọ. Mo rò pé báàgì ìwé ló fà á. Ẹbí ọkọ mi ní èmi ni mi ò mọ ọmọ pọ̀n. Ìyá ọkọ mi ti bá baba kan tó ń to eegun sọ̀rọ̀ lọ́nà Ìjẹ̀dé, wọ́n ní àwọn á fà á tọ́. Ọkọ mi ò dá sí i. Dókítà ní eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ́, kí wọ́n fi irin àti síkúrù mú un. Ṣé kò ní rọ lẹ́sẹ̀ báyìí?

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó: Ẹ fara balẹ̀, mà. Kì í ṣe ìpọ̀nmọ́, kì í ṣe báàgì. Dígírì mélòó ni wọ́n kọ sórí X-ray, ìyẹn bí eegun náà ṣe wọ́ tó? Ṣé ó dúró ni wọ́n fi yà á? Tó bá dùbúlẹ̀, dígírì á kéré sí bó ṣe jẹ́ gan-an. Ṣé ó ti ń rí nǹkan oṣù, ká lè mọ̀ bóyá ó ṣì máa ga púpọ̀?

Bàbá Ìbejì, Ìmọ̀ta: Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa eegun ẹ̀yìn o! Inú rẹ̀ ni iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ dé ẹsẹ̀ gbà kọjá. Ẹ lọ ra bréèsì, ohun líle tí wọ́n ń wọ̀ mọ́ra kí ẹ̀yìn má bàa wọ́ sí i.

Ìyá Rọ̀kí: Ó dúró. Dígírì 58 ni. Mo rí bẹ́líìtì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé ìyẹn ò tó?

Físíò Ẹ̀bútẹ́: Ẹ fowó yín pamọ́. Bréèsì gidi, wọ́n á wọn ara ọmọ kí wọ́n tó ṣe é, ó sì lè wọ̀ ọ́ tó wákàtí 16 sí 23 lójúmọ́. Dígírì 25 sí 40 ló wà fún, lára ọmọ tó ṣì ń ga. Kò lè sọ 58 di títọ́. Bàbá Ìbejì, ẹ má dá wọn dúró sójú kan.

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó: Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: ọmọ á dojú bolẹ̀, wọ́n á la àárín ẹ̀yìn, wọ́n á wa síkúrù sínú àwọn eegun tó wọ́, wọ́n á ki irin méjì bọ̀ wọ́n, wọ́n á tún un tò, wọ́n á wá fi eegun wẹ́wẹ́ sí i kí gbogbo rẹ̀ lè so di ọ̀kan. Ó tó wákàtí 4 sí 6. Ewu tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀, àkóràn, síkúrù tó ṣí, àti iṣan ẹsẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iṣan yẹn jálẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Tí kò bá sí, ṣé wọ́n á jí i díẹ̀ kó mi ẹsẹ̀? Kí wọ́n mọ jẹnotáìpù rẹ̀ náà. Ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù, mà.

Ìyá Rọ̀kí: Nǹkan oṣù kẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni o. Ó kàn ga ni.

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó: Há! Ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá. Eegun tí wọ́n bá so pọ̀ ò ní ga mọ́, àyà àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ṣì ń dàgbà. Tí wọ́n bá so apá ẹ̀yìn eegun náà nìkan, iwájú eegun á ṣì máa dàgbà, á tún lọ́ ọ. Irin tó ń gùn ni wọ́n sábà máa ń lò fún irú rẹ̀: òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n dè, wọ́n á máa nà án ní bíi oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Èyí tó ní mágnẹ́ẹ̀tì, láti ìta ni wọ́n ti ń nà án. Àmọ́ irin máa ń kán, àkóràn náà sì wà.

Físíò Ẹ̀bútẹ́: Okùn kan tún wà tí wọ́n ń fi síkúrù dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019 fún ọmọ tó ṣì ń dàgbà. Òun náà máa ń já. Bàbá Ìbejì, níbi tọ́rọ̀ dé yìí, bréèsì tàbí símẹ́ńtì P.O.P. lè bá wa ra àkókò díẹ̀ kó tó di iṣẹ́ abẹ. Ṣé wọ́n ti ya MRI, àwòrán tó ń fi iṣan inú eegun ẹ̀yìn hàn?

Ìyá Rọ̀kí: Wọ́n kọ ọ́ fún mi. Owó rẹ̀ ló pọ̀, mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu yín.

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó: Ẹ yà á kẹ́ ẹ tó gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kankan, gbogbo ẹ̀yìn látọrùn wá. Lára ọmọ tí ò tíì pé ọdún 10, omi lè ti gbára jọ sínú iṣan tó wà nínú eegun ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá na ẹ̀yìn láìmọ̀, ẹsẹ̀ lè lọ sí i. Ẹ wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì, ẹ ní oníṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn lẹ fẹ́ rí. Tó bá ń kọsẹ̀, tàbí tó ń tọ̀ sára, ẹ má dúró dọjọ́ kejì.

Ìyá Rọ̀kí: Màá yà á. Ìyá ọkọ mi ńkọ́? Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ní baba yẹn ń bọ̀.

Bàbá Ìbejì, Ìmọ̀ta: Ọkọ yín ló máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ fi X-ray yẹn hàn án lálẹ́ òní.